Owó Opó Tí Ọsàn Wẹ́wẹ́ Kò Kàn

Ẹ̀yin ará Ìkìrun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti Ìnísà, ẹ̀yin ará Òkukù tí eruku ọ̀nà ṣì wà lára aṣọ yín, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìjókòó. Alùfáà, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ bá mi sún makirofóònù yìí sẹ́yìn díẹ̀. Ohùn mi kò nílò ìrànlọ́wọ́, ohun tí mo fẹ́ sọ kò sì dùn débi tí a ó fi máa gbé e sókè.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, Mojíbọ́lá ni orúkọ mi. Èmi ni ẹ̀gbọ́n òkú. Ìyá kan náà, bàbá kan náà, ọmú kan náà. Láti ìgbà tí ìsìn orin yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ ti ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ ń sọ pé Títù jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́, pé Títù kì í bínú, pé Títù kì í di èèyàn sínú. Mo jókòó, mo ń wo pósí, mo ń bi ara mi bóyá òkú ẹlòmíràn ni wọ́n gbé wá fún wa. Àwọn àgbà ló ní ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Èmi mọ Títù láàyè, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀.

Títù burú. Ó ní oore tirẹ̀, n ó sì sọ ọ́, nítorí èmi kì í jẹ ẹ̀tọ́ òkú. Ṣùgbọ́n ó burú.

Nígbà tí a wà ní kékeré, Òkukù ni ilé ìyá ìyá wa. Kí wọ́n tó ṣe afárá tó ṣeé gbára lé, inú omi Ọ̀tìn la máa ń là kọjá tí a bá ń lọ kí i. Títù bẹ̀rù omi bí ológbò. Èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́n. Á dì mọ́ mi lọ́rùn títí mi ò fi ní lè mí dáadáa. Tí a bá sì dé òdìkejì, á bọ́ sílẹ̀, á máa lọ níwájú, kò ní bojú wẹ̀yìn. Kò dúpẹ́ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rántí odò yẹn, a ó padà débẹ̀ kí n tó jókòó.

Ó dàgbà, ó di tíṣà. Bíbélì ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílùú yìí títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ibi tó ti ń ka Bíbélì ni ìfẹ́ owó àtijọ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Owó àwọn ará Róòmù ni mò ń sọ, àti ti àwọn Gíríìkì, èyí tí wọ́n ti ná tán kí baba ńlá wa tó tẹ ibí yìí dó. Ó ń kọ̀wé sí àwọn tó ń tà á ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á fi í ránṣẹ́ sí i nínú àpò ìwé. Nígbà tí fóònù dé, ó di ẹni tí kì í gbé orí sókè mọ́. Òmíràn ní orí ọba, òmíràn ní ẹyẹ òwìwí, òmíràn ní obìnrin tó di ọkà mú. Gbogbo wọn ló dúdú, àwọn mìíràn sì ní àwọ̀ ewé tó bò wọ́n lójú. Ìyá wa bi í lọ́jọ́ kan pé kí ni èèyàn lè fi wọ́n rà. Ó ní wọn ò lè ra nǹkan kan. Ìyá wa ní, a jẹ́ pé àwọn ló ra ìwọ. Ó bá ìyá wa yodì títí di ọdún Kérésì.

Oore rẹ̀ nìyí o. Tó bá ń kọ́ àwọn ọmọ níbi tí Jésù ti ní kí wọ́n fi ohun tí í ṣe ti Késárì fún Késárì, á yọ Késárì fúnra rẹ̀ jáde lápò, á fi í sí ọmọ lọ́wọ́. Mo rí ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí lẹ́yìn yẹn. Ẹ̀yin náà ti di Késárì mú rí. Òun náà ló sọ fún yín pé àwọn Gíríìkì ayé ọjọ́un máa ń fi ẹyọ owó kan sí ẹnu òkú wọn, kí òkú lè rí nǹkan san fún ọlọ́kọ̀ tí yóò gbé e kọjá odò. Ó ní òkú tí wọn ò bá fún lówó á máa rìn kiri létí omi. Alùfáà, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́, tíṣà yín ni.

Òfin kan ṣoṣo ló ní lórí owó wọ̀nyí: ẹ kò gbọdọ̀ fọ̀ wọ́n. Ó ní àwọ̀ ewé yẹn ni aṣọ wọn, ó ní ẹni tó bá bó o ti bó ojú ọba kúrò, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà. Ó sọ ọ́ títí ó fi sú wa.

Ẹ̀yin ará Ìnísà, ẹ mọ Morákinyọ̀. Ọ̀rẹ́ ìgbà èwe Títù ni, wọ́n jọ jẹ nínú àwo kan náà. Ó wá kí Títù lọ́jọ́ kan, ó mú owó kan, ó fi itọ́ sí i, ó nù ún mọ́ agbádá rẹ̀ kó lè rí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Títù gba owó náà, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un. Kò kí i mọ́ láyé. Nígbà tí àìsàn dá Morákinyọ̀ wó, ó ní kí wọ́n bá òun bẹ Títù kó wá, kí àwọn ríra kẹ́yìn. Láti ibí dé Ìnísà, kí ìjókòó ọ̀kadà tó gbóná, o ti débẹ̀. Títù ní òun ń to owó. Àwọn ọmọ Morákinyọ̀ ló jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún yẹn. Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Àwa ò wá sí tiyín.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ẹni tó jẹ́ dáadáa, kí ẹ lè mọ ohun tí Fọláfúnmi, ìyàwó rẹ̀, ń bẹ̀rù.

Fọláfúnmi lọ sí Jerúsálẹ́mù pẹ̀lú àwọn ará ìjọ. Àwọn yòókù gbé omi Jọ́dánì bọ̀, wọ́n gbé òróró bọ̀. Òun ra owó idẹ kan bọ̀ fún ọkọ rẹ̀, kò tó èékánná ìka ọwọ́ mi tó kéré jù. Ẹni tó tà á fún un ní irú èyí ni opó inú ìwé Ìhìn Rere sọ sínú àpótí tẹ́ḿpìlì. Títù gbà á, ó sunkún. Mi ò rí i kó sunkún nígbà tí bàbá wa kú. Ó sọ ọ́ ní owó opó. Kafíńtà kan ní Òkukù ló bá a kan àpótí pákó tó ní ojú ihò fún owó kọ̀ọ̀kan, àárín gbùngbùn ni ó fi owó opó sí.

Lọ́dún tó kọjá, a fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnì kan ní kí a to àwọn owó náà sórí àwo, kí ìjọ rí iṣẹ́ tí Títù fi ayé rẹ̀ ṣe. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni náà ṣí àpótí, ojú tì í. Ó ní ìdọ̀tí nìyí, ó ní àwọn èèyàn á fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ mọ bí àwa ìyá ìjọ ṣe ń ṣe ọ̀pá fìtílà àti àwo ọrẹ tí Àjíǹde bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Eérú, ọsàn wẹ́wẹ́, kànìnkànìn, kí o sì fi gbogbo apá gbo ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni náà ṣe é. Nígbà tí wọ́n ká aṣọ lórí àwo níwájú pẹpẹ, owó ń kọ mànà. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Títù náà pàtẹ́wọ́. Ó kí gbogbo wa, ó jẹ ìrẹsì, ó bá àwọn ọmọ ya fọ́tò. Kò sí ọba mọ́, kò sí òwìwí, kò sí obìnrin pẹ̀lú ọkà. Idẹ pẹlẹbẹ lásán ló kù.

Nígbà tí wọ́n délé, Títù ti ilẹ̀kùn. Ó béèrè pé, "Ta ló fọ̀ wọ́n?"

Fọláfúnmi kúnlẹ̀, ó ní, "Èmi ni."

Láti ọjọ́ náà títí ẹ̀mí fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀, Títù kò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Gààrí ló ń mu, ọbẹ̀ ń kan lórí iná. Obìnrin á kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, Títù á máa wo ojú fèrèsé. Nígbà tí àìsàn dé, Fọláfúnmi ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń yí i, òun ló ń da póò rẹ̀ nù. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, kò rí mi. Lójú tirẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló wà nínú yàrá. Ó kọjú sí àjà, ó ní, "Kí ẹnì kan fún mi lómi." Ẹnì kan. Obìnrin tó bí ọmọ fún un. Ó sì gbé omi náà fún un.

Ó kú tán, olórí ẹbí wa, Ọláfimíhàn, pe ìpàdé lọ́sẹ̀ yìí. Ó ní ọkọ tó bá di ìyàwó sínú kú, ìyàwó náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan erùpẹ̀ ibojì rẹ̀. Ó ní Fọláfúnmi kò ní jókòó ti pósí. Ẹ wẹ̀yìn, ẹ wo ibi tí wọ́n gbé àga opó sí. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Àwọn tó ń gbé omi ń sọ pé kó yà fún àwọn.

Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, ẹnì kan wọ yàrá mi, ó ti ilẹ̀kùn, ó bú sẹ́kún. Ìrètí ni, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Títù bí. Jókòó, Ìrètí. Ẹ bá mi dí i lọ́nà, kó má jáde. Òun ló fọ owó bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò sí nílé, ìlú Eko Ende ló ti lọ kí aláìsàn. Nígbà tó dé, ó bá ọmọ tó ń fi kànìnkànìn gbo owó lẹ́yìnkùlé, ó já èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù. Owó opó ni. Nígbà tí bàbá sì béèrè, Ìrètí ní òun la ẹnu, ìyá òun ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó wá bẹ̀ mí kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní mo gbọ́. Mi ò ní mo gbà.

Ìrètí, gbogbo wa lo sunkún jù lálẹ́ yìí. Nígbà tí Ọláfimíhàn ń dá ìyá rẹ lẹ́jọ́, o wà níbẹ̀, ìwọ lo gbé omi fún olórí ẹbí mu. Owó tí o fọ̀, àṣìṣe ni, ìfẹ́ ló fà á, mi ò bá ọ jà. Ẹnu tí o pa dé ni mò ń bá ọ jà. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo bi ìyá rẹ pé kí ló dé. Ó ní òun rí ohun tí Títù ṣe fún Morákinyọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó kọ èmi, màmá. Bó bá kọ ọmọ yìí, kò ní gbà á padà láéláé, ọmọ náà á sì kú sí i." Bó o ṣe gbówó lórí nìyẹn.

Ọláfimíhàn, àbúrò mi, ìwọ olórí ẹbí, mi ò ní kó o dìde. Gbọ́ mi láti ibi tó o wà. Èmi ni ọkọ Fọláfúnmi tó dàgbà jù nílé yìí. Kí wọ́n gbé àga ìyàwó mi wá sí ẹ̀gbẹ́ pósí nísinsìnyí. Lọ́la, ọwọ́ rẹ̀ ni erùpẹ̀ àkọ́kọ́ yóò ti bọ́. Ẹni tí kò bá dùn mọ́, kó má wá. A ti ní ọ̀nà tí a ń gbà sin òkú láìsí olùfẹ́ níbẹ̀, Títù ló kọ́ wa lórí òkú Morákinyọ̀.

Ó ku ìwọ, ọmọ ìyá mi. O gbọ́? Ẹyọ kan kù. Ojú rẹ̀ pé, aṣọ ewé rẹ̀ wà lára rẹ̀. Etí ìró ni Fọláfúnmi so ó mọ́. Ó gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ léraléra kó o lè rí i kó o tó kú, ìwọ kọjú sí ògiri. Ohun tó o fi ayé rẹ wá ni ẹ̀yìn rẹ kọ sí. Kò dùn mí. Mo fẹ́ràn rẹ, mo sì fẹ́ kó dùn ọ́.

Ìyàwó rẹ ní kí n fi owó opó náà sí ọ lẹ́nu, gẹ́gẹ́ bí o ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n tó kan pósí. Mo kọ̀. Mo ní kó mú un dání sùn, kó rò ó. Bó bá wù ú lówùúrọ̀, kó fi í síbẹ̀ fúnra rẹ̀, sí ẹnu tó kọ̀ láti pe orúkọ rẹ̀. Bí kò bá wù ú, tirẹ̀ ni, opó ni òun náà.

Máa lọ, Títù. Kí ọ̀nà là fún ọ, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ. Mi ò lè pọ̀n ọ́ la odò eléyìí, ẹ̀yìn mi ti tẹ̀. Tó o bá dé etí omi, dúró. Ẹni tí owó ọkọ̀ rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ jókòó síbí. Ó ń gbọ́ ọ, kò tíì dá ọ lóhùn ni.