Ẹni Tí Jóòbù Ń Wá

Ọ̀rọ̀ kan tí bàbá ìjọ kan bá télọ̀ tó jókòó tì í sọ nínú mọ́tò Isuada, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, kò tíì kúrò létí mi.

“Ilé bàbá mi àti ilé ìyá mi ló ń jà sí ààlà oko kòkó,” télọ̀ ní. “Wọn ò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n ní kí n wá parí ẹ̀, torí ọmọ ilé méjèèjì ni mí. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá.”

“Irú ẹ gan-an ni Jóòbù ń wá.”

“Jóòbù onísùúrù yẹn?”

“Sùúrù nìkan lẹ máa ń rántí. Nínú ìrora rẹ̀, ó ní kò sí ẹni tó lè gbé ọwọ́ kan lé Ọlọ́run, kó gbé ìkejì lé òun, kó parí ìjà àwọn. Wọn ò tíì bí Jésù nígbà yẹn o. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti kà á débẹ̀, Jésù ni mo máa ń rí: ọmọ Ọlọ́run, ọmọ ènìyàn. Ọmọ ilé méjèèjì.”

Télọ̀ ní, “Bàbá, ọwọ́ méjèèjì yẹn náà ni wọ́n kàn mọ́gi.”

“Òun ni. Ìjà sì parí.”

Nígbà tí télọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó kọ́kọ́ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì kó tó kọjú sọ́nà oko.