Ṣúgà Ọkọ Mi àti Ààwẹ̀ Tí Mo Ní Kó Gbà

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, Ọlọ́run tó jẹ́ kí n rí òní, òun ni mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ mọ̀ mí, n kò mọ ọ̀rọ̀ gé kúrú. Ẹ fara dà á fún mi.

Gbogbo yín lẹ mọ Bàbá Tọ́pẹ́, ọkọ mi, tó kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Èmùré títí tó fi ritáyà. Ó ti pẹ́ tó ti ní ìtọ̀ ṣúgà. Lọ́dún tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Lọ́jọ́ kan, pálọ̀ wa ló jókòó sí, ó ní kí n jọ̀ọ́ mú òun lọ ulé, ilé tó wà nínú rẹ̀ náà. Mo wọ kíṣìnì lọ sunkún. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní mọ̀ mí mọ́.

Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ní ọwọ́ ayé ni. Mo kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje nínú ilé. Ọkọ mi bá mi gbà á, torí kì í fẹ́ já mi kulẹ̀. Láàárọ̀, mo máa fún un lóògùn ṣúgà rẹ̀ pẹ̀lú omi díẹ̀, mo ní ṣebí oògùn kì í ṣe oúnjẹ. Tí a bá ṣínu nírọ̀lẹ́, mo máa gún iyán rẹpẹtẹ fún un. Mo rò pé ìtọ́jú ni mo ń ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń sọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Mo gbàdúrà, mo gbàdúrà. Ọlọ́run ló rán Sista Bọ́sẹ̀, nọ́ọ̀sì inú ìjọ wa, tó ní kóun wá bá wa gbàdúrà. Ó gún un níka, ó wo ẹ̀rọ kékeré tó fi ń wọn ṣúgà, ó ní ṣúgà ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Ó rí i pé ó ṣì ń gbé nǹkan mì, ló bá po ṣúgà sómi, ó ń fún un mu díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́, ara rẹ̀ balẹ̀.

A wọ mọ́tò lọ sí ọsibítù ní Ìkẹ́rẹ́. Dókítà ní tí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ń ba àwọn iṣan kéékèèké tó ń gbẹ́jẹ̀ lọ sí ọpọlọ jẹ́. Tó bá sì lọ sílẹ̀ jù, ebi ló ń pa ọpọlọ. Ojú tì mí, torí èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe méjèèjì: iyán alẹ́ gbé e sókè, oògùn láìjẹun já a wálẹ̀. Mo kúnlẹ̀ bẹ ọkọ mi níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣebí òun náà lẹ́nu tóun lè fi sọ pé ebi ń pa òun.

Wọ́n yí oògùn rẹ̀ padà. Iyán ti dín kù, ẹ̀fọ́ ti pọ̀ sí i, a jọ ń rìn láàárọ̀. N kò ní purọ́ níwájú pẹpẹ, ó ṣì ń gbàgbé nǹkan díẹ̀díẹ̀, dókítà ò sì ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ máa padà. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti mọ́lẹ̀, ó tún ti ń ka Bíbélì sí mi létí. Ọlọ́run nìkan ló lògo.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun ló darí àdúrà òwúrọ̀ wa. Ó dúpẹ́, ó dúpẹ́, ó wá di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Olúwa, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé màá gbàgbé gbogbo èèyàn, jọ̀ọ́, jẹ́ kí obìnrin yìí ṣẹ́kù sí mi lọ́kàn.” Ẹkún ò jẹ́ kí n lè ṣe àmín. Ẹ̀yin ará, ẹ dìde, ẹ bá mi ṣe é.