Kànga Tí Kò Sí Nínú Pùláànù Wa

Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ni, àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí n wo aago ọwọ́ mi bí mo ṣe dé ibi tí a ti ń kọ́ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ìjọ wa ní Bẹ́yẹrúnkà. Mò ń sọ aago náà nítorí pé ẹ̀rí tí a gbọ́ níbí ní Sunday tó kọjá nípa kànga tí a rí níbẹ̀ kò ní ọjọ́, kò ní aago. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ké halelúyà. Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ̀ mí, èmi ni Déọlá. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mo kà ní yunifásítì. Nígbà tí ìjọ fẹ́ kọ́ ilé ìwé yìí, mo yọ̀ǹda ara mi láti kọ́ ọ sínú kọ̀ǹpútà kí a tó kọ́ ọ sórí ilẹ̀: gbogbo ògiri, gbogbo òpó, fèrèsé kọ̀ọ̀kan, ní ìwọ̀n tí wọ́n máa jẹ́ gan-an. Ibẹ̀ la ti rí i pé bí a bá kọjú yàrá síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Mápó, àwọn ọmọ lè má nílò fáànù. Ibẹ̀ náà la ti rí i pé amọ̀ ilé àtijọ́ tí a wó tó láti fi mọ bíríkì ògiri inú, kàkà ká kó o dà nù. Ohun tí wọ́n ń pè ní value engineering nìyẹn, ọ̀nà àtidín ìnáwó kù láìba iṣẹ́ jẹ́. Kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí nǹkan wà fún, kí ẹ tó yọ ọ́ kúrò.

Ní àárọ̀ yẹn, mo bá ihò òpó méjì tí wọ́n ti dí padà. Wọ́n ti gbẹ́ ẹyọ kan sáàárín wọn. Díákónì tó gba iṣẹ́ náà dúró tì í, wọ́n sì ti ń po kọnkéré.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Òpó méjì ló yẹ kó wà níbí.”

“Mo ti sọ ọ́ di ẹyọ kan. Value engineering! Ṣebí ìwọ náà lo kọ́ wa?”

Àwọn bíríkìlà rẹ́rìn-ín.

“Ẹ ò béèrè ohun tí òpó méjèèjì ń gbé, sà. Abẹ́ dẹ́kìn kọnkéré tí wọ́n máa gbé làwọn ọmọ máa jókòó sí.”

“Sister Déọlá, inú láptọ̀pù ni ìwọ ti ń kọ́lé. Orí ilẹ̀ lèmi ti ń kọ́ ọ, kí wọ́n tó bí ẹ. Ìgbàgbọ́ rẹ ló kéré. Lọ gbàdúrà.”

Mo pe alága ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ lórí fóònù. Òun náà ní kí n bọ̀wọ̀ fún àgbà. Mo lọ dúró sẹ́yìn òkìtì iyanrìn, mo sì fi ìbínú gbàdúrà. Mo ní: Olúwa, bí mo bá ṣì í, dójú tì mí. Bí mi ò bá ṣì í, rán ẹni tí wọ́n máa gbọ́ tiẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò gbọ́ ohùn kankan, mi ò rí ìran.

Ẹni tó dé ni Alhaja Sàlámátù, ìyá àgbà agbo ilé tó bá wa pààlà. Ìjà ló bá wá. Eruku sìmẹ́ǹtì ti bo aṣọ tó sá.

“Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀ṣì, ṣé ẹ fẹ́ rẹ́ aṣọ mi bí ògiri ni?” Ìgbà yẹn ló rí ihò náà. “Háà! Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé òpó lé kànga?”

“Kànga wo, Ìyá?” Díákónì béèrè. “Kò sí kànga nínú pùláànù.”

“Ṣé pùláànù ló bá mi fa omi ni? Omi ibẹ̀ ni wọ́n fi fọ ẹsẹ̀ mi lọ́jọ́ tí mo ṣe ìyàwó wọlé! Nígbà tí omi ẹ̀rọ dé, àwọn tó ta ilẹ̀ fún yín fi pákó ìrókò dí i nínú, wọ́n kó ilẹ̀ pupa lé e. Ojú mi báyìí ni.”

“Ó ti pẹ́, Ìyá. Ẹ lè ti ṣì í.”

“Èmi? Kí n ṣi ibi tí wọ́n ti fọ ẹsẹ̀ mi? Fi irin gún un. Bí kò bá wọlẹ̀, màá bá ẹ po kọnkéré.”

Olórí bíríkìlà mú ọ̀pá irin kan, ó ń fi òòlù gbá a. Nígbà tó gbá a lẹ́ẹ̀kẹta, irin náà yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọlẹ̀ lọ pátápátá. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ọ nísàlẹ̀: pọ̀ọ̀! Omi ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tó di Sunday, Díákónì dúró síbi tí mo dúró sí yìí, ó ní Ọlọ́run ló fi kànga náà han òun lójú àlá. Ẹ ké halelúyà, kúáyà sì dá orin sí i. Ẹ jókòó, Díákónì, sà. Mi ò tíì parí, ẹ má sì gba máìkì. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí àlá kankan níbẹ̀. Ìyá àgbà kan ló kìlọ̀ fún wa, Mùsùlùmí ni, kò sì sí níbí láti gbẹnu sọ fúnra rẹ̀. Bí a bá fi irọ́ gba ọpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ta ló tún máa kìlọ̀ fún wa lọ́jọ́ mìíràn?

Èmi náà jẹ̀bi. Nínú kọ̀ǹpútà mi, mo ya ilẹ̀ yẹn bí ẹní tí wọ́n tẹ́, láìsí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Mo wọn gbogbo ògiri, ṣùgbọ́n mi ò kan ilẹ̀kùn Alhaja rí. Nítorí ẹrù tí òpó máa gbé ni mo ṣe ń jà. Mi ò mọ̀ pé kànga wà níbẹ̀. Torí náà, kì í ṣe ọgbọ́n mi ló gbà wá. Mo bẹ̀bẹ̀ fún ẹnì kan, ẹnì kan sì dé. Mo gbà pé Ọlọ́run ló darí eruku yẹn sórí aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè fi hàn yín lórí ìwé. Mi ò sì ní sọ pé ilé náà ì bá wó, nítorí mi ò tíì ṣírò rẹ̀.

Ẹnjiníà tí a pè láti Òkè Bọ́lá ní kí a dá òpó méjèèjì padà, kí a tún gbé wọn jìnnà sí kànga náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí a sì mọ ògiri yí ẹnu rẹ̀ ká, bóyá àwọn ọmọ á lè máa lo omi rẹ̀. Àyẹ̀wò omi kò tíì jáde.

Ó yá, ẹ lè ké halelúyà wàyí. Ẹ bá mi yin Ọlọ́run tó fún wa ní aládùúgbò, kí ẹ sì yà dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhaja bí ẹ bá ń lọlé. Èmi ti lọ lánàá, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló so òkúta mọ́ okùn fún mi, èmi ni mo sọ ọ́ sínú kànga tí wọ́n ti ṣí báyìí. Nígbà tí mo fà á jáde, mo fi tépù wọn ibi tó tutù lára okùn náà. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ni omi náà jìn.