Ọ̀rọ̀ Látìn Kan Nínú Mọ́tò Àkúrẹ́

Nígbà tí àwa ará Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, mo jókòó ti tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì àti ìyàwó rẹ̀ nínú mọ́tò láti Ìjerò. Àkúrẹ́ ni wọ́n ń lọ rí dókítà, nítorí ojú bàbá tí kò ríran dáadáa mọ́. Ìyàwó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá wọn, ọ̀rọ̀ Látìn wo lẹ fẹ́ràn jù nígbà tẹ́ ẹ fi ń kọ́ àwọn ọmọ?"

"Spectare. Specere ló bí i, ìyẹn wíwò lásán. Àmọ́ spectare ni kéèyàn tẹjú mọ́ nǹkan, kó má gbójú kúrò."

"Bẹ́ ẹ ṣe ń wò mí ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Gbogbo ọkùnrin kọjú sí pẹpẹ, ẹ̀yin nìkan lẹ kọjú sí apá àwa obìnrin."

"Bàbá ìjọ fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi jáde!" Bàbá rẹ́rìn-ín, ó wá fọwọ́ kan ojú rẹ̀. "Bí wọn ò bá rí ojú yìí tún ṣe ńkọ́?"

"Ẹ ó ṣì máa wò mí."

"Mo kúkú ń wò ọ́ báyìí."

Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ìyá ni bàbá ń wò. Ìyá ò sọ fún un. Ó rọra sún orí síbi tí ọkọ rẹ̀ ń wò, ó ní, "Ẹ má gbójú kúrò."