Ẹsẹ̀ Tí Mo Fi Pamọ́ Lórí Òkun

Ẹ sún mọ́ mi, nítorí ohùn mi kò lágbára mọ́, ohun tí mo fẹ́ sọ kò sì ṣeé sọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti gbìyànjú láti gbé e mì, ó ti há mi lọ́fun. Bí mo bá gbé e wọ ilẹ̀ lọ, ilẹ̀ yóò bì mí. Àǹtí Àmọ̀kẹ́, ẹ ṣeun tí ẹ wá láti Inisa. Dàmọ́lá, o ṣeun tí o wá láti Òkukù. Ẹ rò pé àdúrà ni mo pè yín fún. Kì í ṣe àdúrà. Ẹ̀yin ará ìjọ wa ní Ìkìrun níbí, tí ẹ ń gbààwẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ mi, ẹ wá nǹkan jẹ lónìí. Èmi Jọláyẹmí, Ìyá Ẹ̀bùn, tí mo kọ́ ọmọ yín níwèé, tí mo ń nà wọ́n bí wọ́n bá parọ́, èmi ni mo pa Morádéyọ̀, Ìyá Dàmọ́lá. N kò fi ọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe é.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé kòríkòsùn ni èmi àti Ìyá Dàmọ́lá. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà la ti jọ ṣiṣẹ́, a sì jọ fẹ̀yìn tì ni. Nígbà tí bọ́ọ̀sì tó ń gbé e bọ̀ láti Òṣogbo dojú dé, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kán, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kú, èmi ni mo ń ti àga onítáyà rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, lọ sí ọjà, lọ sí ibi tí wọ́n bá ti ń sìnkú. Ẹ máa ń yìn mí. Ẹ kò mọ ohun tó ń rà nínú mi. Ibikíbi tí a bá dé, òun ni wọ́n ń sáré kí. "Ìyá Dàmọ́lá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ìyá Dàmọ́lá, ẹ bọ́ sábẹ́ ibòji." Èmi tí òógùn bò lẹ́yìn àga, ṣe ni wọ́n ń wò mí kọjá bí ẹni ń wo ògiri. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì pé, mo sì ń jowú ẹni tí kò lè dìde. Irú èèyàn tí ẹ ń kí ní "Màmá onínúure" nìyẹn.

Nígbà tí àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkìrun, Inisa àti Òkukù ní kí a jọ rìnrìn àjò, Àǹtí, ẹ̀yin lẹ mú àbá ọkọ̀ ojú òkun wá. Ẹ ní bí a bá ń ti ìlú kan bọ́ sí ìkejì, Ìyá Dàmọ́lá kò ní lè máa gun àtẹ̀gùn, kò sì ní lè máa wọ bọ́ọ̀sì, kó tún máa sọ̀. Ẹ ní, "Ilé ìtura tó ń gbé ara rẹ̀ rìn ni ọkọ̀ òkun. Lífìtì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan la ó tú ẹrù, ó parí." Àwọn ọmọ wa ní òkè òkun gbà á sọ́rùn. Ẹ kíyè sí i pé nítorí tirẹ̀ la ṣe yan ọkọ̀ náà. Èmi lẹ sì ní kí n bá Ọlákúnlé sọ̀rọ̀, ọmọ tó ń ṣètò ìrìn àjò l'Óṣogbo, kí ó gba yàrá wa pa pọ̀ lójú kan náà, kí ó sì rí i pé yàrá tí àga onítáyà lè wọ̀ wà nínú wọn.

Físà wa pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tí ó jáde, Ọlákúnlé pè mí. Ó ní, "Màmá, gbogbo yàrá yín yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ló kù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ gbòòrò. Yàrá náà dáa. Fèrèsé ńlá wà níbẹ̀, ẹ ó rí ibi jókòó sí níta kí ẹ máa wo òkun, balùwẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú wọlé. Àwọn yòókù há bí ihò èkúté." Mo ní, "Fèrèsé ńlá?" Ohun tó wà lọ́kàn mi yé ọmọ náà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin náà ń ṣàròyé orúnkún lọ́jọ́sí. Bí ẹ bá ní ẹ̀ ń lo àga, ta ni yóò yẹ̀ yín wò?" N kò ní di ẹ̀bi rù ú. Òun ló ṣílẹ̀kùn, èmi ni mo fẹsẹ̀ ara mi wọlé. Mo ní, "Orúkọ mi ni kí o fi síbẹ̀."

Ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ní ilé Àǹtí Àmọ̀kẹ́, mo fi ọ̀pá wọlé. Mo ń tiro, mo ń di ara ògiri mú. Mo ní dókítà ní egungun orúnkún mi ti jẹ tán, pé àga ni n ó máa jókòó sí títí tí yóò fi san. Mo wá sọ pé yàrá kan ló kù. Àǹtí ní bóyá kí a pa ìrìn àjò náà tì. Morádéyọ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ fún Ìyá Ẹ̀bùn. Èmi ti mọ bí a ti ń jókòó. Òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni, yóò nira fún un jù mí lọ." Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ mi mú. Ó yẹ kí ojú tì mí níbẹ̀. Ńṣe ni inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ní èbúté tí a ti wọ ọkọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àga onítáyà tí Ọlákúnlé bá mi yá ti ń dúró dè mí. Mo jókòó sínú rẹ̀, ayé sì yí padà. Àwọn èèyàn ń yà fún mi lọ́nà, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bá mi sọ̀rọ̀. Àǹtí, ẹ̀yin tí ẹ jù mí lọ lẹ tì mí gun orí ọkọ̀. Ó dùn mọ́ mi. Ògiri kan ṣoṣo ló la yàrá mi àti ti Morádéyọ̀ láàrin. Àga tirẹ̀ kò gba ẹnu ilẹ̀kùn, ìta lọ́dẹ̀dẹ̀ ló ń gbé e sí. Bí ó bá ti wọlé, ọwọ́ ló fi ń fa ara rẹ̀ káàkiri. Mo ń gbọ́ ọ lára ògiri: ṣàràà, yóò sinmi, ṣàràà. Ní ìhà tèmi, mo ti ilẹ̀kùn, mo bọ́ bàtà, mo ń rìn kiri lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo ń na ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kan nídìí oúnjẹ, ó wò mí, ó ní, "Ìyá Ẹ̀bùn, mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú yàrá rẹ." Mo ní obìnrin tó ń palẹ̀ mọ́ fún wa ni. Ó ní, "Ẹni náà kì í wọ bàtà." Ó ń jẹun rẹ̀ lọ. Àtìgbà náà ni àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti ń tutù. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀, kò gbóná. Mo ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, kò gbóná.

A wá dé erékùṣù kan tí ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́. Ọkọ̀ wa dúró láàrin òkun, ọkọ̀ kékeré ló ń kó èèyàn lọ sórí ilẹ̀, wọ́n sì ní àga onítáyà kò lè wọ̀ ọ́ nítorí ìgbì. Àǹtí, ẹ̀yin àti gbogbo àwọn olùkọ́ yòókù lọ, ó ku èmi àti òun. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ní òun fẹ́ wẹ̀ kí ẹ tó dé. Okùn pupa kan wà nínú yàrá mi tí a fi ń pe ìrànlọ́wọ́, wọ́n so ó síbi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó yóò tó o. Kò sí irú rẹ̀ nínú tirẹ̀. Ó ní, "Bí nǹkan bá ṣe mí, màá kan ògiri, kí o bá mi fa okùn rẹ." Mo ní kò burú.

Ọkọ̀ náà pa rọ́rọ́ bí ilé tí wọ́n ti gbé òkú jáde. Oòrùn ń tàn yòò lójú òkun, atẹ́gùn kò fẹ́. Ara ń yún mi láti fẹsẹ̀ rìn níta. Mo ṣílẹ̀kùn, n kò rí ẹnikẹ́ni, mo dìde, mo jáde. Àga Morádéyọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bí mo ti ń kọjá, àga náà yí díẹ̀, bí ẹni tó yíjú wo ẹni tó ń lọ. Mo ní ọkọ̀ ló mì. Ọkọ̀ kò mì. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tì dáadáa, mo bá wo inú. Ó wà nílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti yọ̀ níbi tó ti ń fa ara rẹ̀ kọjá irin tó yọ sókè lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ó sì ti fi orí gbá a. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń jáde létí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan nà sí ògiri tèmi. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Mo rò pé yóò bú mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "O ń rìn. Ìyá Ẹ̀bùn, o ń rìn. Ọlọ́run ṣeun." Kò rò ó sí irọ́. Ó rò pé Ọlọ́run ló wò mí sàn, inú rẹ̀ sì dùn fún mi nínú àgbàrá ẹ̀jẹ̀ tó wà. Ó wá ní, "Wá gbé mi."

Ó wù mí kí n sọ fún yín pé ẹ̀rù ló bà mí. Irọ́ ni. Mo dúró, mo rò ó. Mo rò ó pé bí ó bá yè, yóò fi ayọ̀ sọ fún gbogbo yín pé òun rí mi lórí ìdúró, ẹnìkan nínú yín yóò sì bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Mo rí ojú yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fà sẹ́yìn. Mo fa ilẹ̀kùn náà títí ó fi dún. Mo padà sí yàrá mi, mo jókòó sínú àga, mo fi aṣọ bo itan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ògiri. Okùn pupa náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, ó ń mì jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ọwọ́ kan ti dì í mú, tó kàn ń dúró de tèmi. N kò nílò láti dìde kí n tó fà á. N kò fà á. Ó kan ògiri, ó tún kàn án, ó wá ń pẹ́ kó tó kàn án. Nígbà tí kò kàn án mọ́, ohùn yín ni mo gbọ́ lọ́dẹ̀dẹ̀, ẹ ń bọ̀, ẹ ń rẹ́rìn-ín.

Dókítà inú ọkọ̀ ní bí a bá tètè rí i ni, ì bá yè. Kí Morádéyọ̀ tó dákẹ́, ó sọ ọ́ fún Àǹtí Àmọ̀kẹ́: "Ìyá Ẹ̀bùn wá sọ́dọ̀ mi. Ó ń rìn." Àǹtí, ẹ ní ìran ni. Ẹ ní ẹni tó ń lọ ti rí ohun tó ń bọ̀, pé Olúwa yóò gbé mi dìde. A sin ín sí Òkukù, ààwẹ̀ ẹsẹ̀ mi sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìkìrun. Dàmọ́lá, o gbé àga màmá rẹ wá fún mi. O ní, "Màmá, èyí tí ẹ yá ti kù sí òkè òkun. Ẹ máa lo tiwọn, wọn ì bá fẹ́ bẹ́ẹ̀." Mo jókòó sínú kòtò tí ìdí rẹ̀ ti gbẹ́ sí tìmùtìmù náà. Ó bá mi mu régí.

Ẹ wá wo bí ọkàn mi ti le tó. Mo ní ọ̀nà àbáyọ ti ṣí. Lọ́jọ́ ìsìn ìdúpẹ́, n ó dìde lójú ìjọ, gbogbo yín yóò pè é ní iṣẹ́ ìyanu, irọ́ mi yóò sì kú pẹ̀lú Morádéyọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo fi ẹsẹ̀ mi rìn láti ibùsùn dé balùwẹ̀. Ẹ bá mi rántí bí ẹ ti ń kọrin, tí wòlíì ìjọ wa ní, "Ìyá Ẹ̀bùn, dìde." Mo fi ọwọ́ ti apá àga. Ẹsẹ̀ mi kò gbọ́. Ó tutù, ó wúwo bí igi tó ti pẹ́ lómi. Mo tún tì. Ohùn kan wá létí mi, ohùn tó kún fún ayọ̀, ó ní, "O ń rìn." Mo bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn àga mi. Ẹkún tí mo bú sí lọ́jọ́ náà, ẹ pè é ní ẹkún ìgbàgbọ́.

Ilé ìwòsàn yẹ̀ mí wò títí, wọn kò rí nǹkan kan. Òtútù náà ti kọjá ìbàdí mi báyìí. Bí wọ́n bá gbé mi sórí ibùsùn, tí wọ́n sì kọjú àga náà sí fèrèsé, bí mo bá lajú, ẹnu ọ̀nà ló ń kọjú sí. Lọ́sàn-án, bí ilé bá ti dá, wọ́n ń kan ògiri yìí. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀, pápá ni, kò sí yàrá níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó síbí, kì í ṣe ọjọ́ tí mo fa ilẹ̀kùn ni mo bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí mo rí ìfẹ́ tí wọ́n fi hàn sí ẹlòmíràn, tí ó dàbí ẹni pé wọ́n jà mí lólè, ọjọ́ náà ni. Bí ẹ bá rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ara yín, ẹ tètè sọ ọ́ síta, bí ojú bá fẹ́ tì yín, kó tì yín.

Dàmọ́lá, n kò lè kúnlẹ̀ bẹ̀ ọ́, n kò sì ní kí o dárí jì mí lónìí. Bí o bá fẹ́ dìde kí o máa lọ, ilẹ̀kùn kò tì. Ẹ̀yin yòókù, ẹ má bẹ Ọlọ́run mọ́ pé kí n rìn. Mo ti ní ẹsẹ̀ rí. Ohun tí mo fi ẹsẹ̀ náà ṣe nígbà tí Morádéyọ̀ ní kí n wá gbé òun, òun ni kí ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run nítorí rẹ̀.