Ìròyìn Tí N Kò Kà fún Màmúdù

Kàn, kàn. Ìró àlùmọ́gàjí lára tábìlì onírin nìyẹn. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi gbọ́ ọ ní Koumassi, ní ìlú Abidjan. Màmúdù aránṣọ, ará Sikasso ní Málì, yóò kàn án lẹ́ẹ̀mejì, èmi yóò sì fi ṣọ́ọ̀bù ìkòkò mi sílẹ̀, n ó sọdá títì lọ bá a. Mo ti padà sí Ṣakí báyìí. Àyà mi kò dára mọ́, dókítà kì í sì í fẹ́ wo ojú mi bó bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe kí ilẹ̀ tó bò ó. Mọ́síùrá ìyàwó mi nìkan ló mọ̀.

Èdè Júlà la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Màmúdù kò mọ̀wé. Èmi ni mo ń ka lẹ́tà àti ìwé ìròyìn fún un, bí mo bá sì ti kà á, ó parí. Nígbà tí Málì ní òun fẹ́ jáde nínú CEDEAO, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè wa tó jẹ́ ká máa ré ẹnubodè kọjá láìgba físà, ojoojúmọ́ la ń jiyàn. "Wọ́n bínú sáwọn ológun, wọ́n wá ti ẹnubodè mọ́ gbogbo wa," ni yóò wí. "Ṣé ẹbí nìyẹn? Bí ọmọ bá ya pòkíì, ṣé ìyá ẹ̀ lo máa tìlẹ̀kùn mọ́?" Èmi á ní, "Ẹni tó bínú jáde nílé, òjò ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n." Òun náà á fi orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá lọ́hùn-ún dá mi lóhùn: "Anàgó, ìwọ tí ìkòkò ẹ ń jò, o ń sọ̀rọ̀ òjò." A ó rẹ́rìn-ín, a ó jẹun pọ̀.

Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n jáde lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n pè é láti Sikasso pé ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó ń béèrè rẹ̀. Ó mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wá, èyí tó ní àmì àjọ náà lára. "Bá mi wò ó. Bí mo bá lọ, ṣé màá lè padà?" Èsì rẹ̀ wà nínú ìwé ìròyìn abẹ́ apá mi: àjọ ní irú káàdì bẹ́ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ títí a ó fi gbọ́ ohun mìíràn. Mo ti kà á láàárọ̀. Mo yí káàdì náà síwá sẹ́yìn, mo ní, "Wọn kò gbà á mọ́. Bí o bá lọ, o ò ní lè wọlé padà. Ṣe sùúrù díẹ̀."

Mo sọ fún ara mi pé kó kàn tọ́ ìyà ìjáde náà wò fún ọjọ́ kan, kó gbà pé mo jàre. Irọ́ nìyẹn náà. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí kò bá padà, ta ni yóò kan àlùmọ́gàjí pè mí? Mo pè é ní ìfẹ́, èmi àgbà ọ̀dàlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Mọ́síùrá ní, "Bàbá Ràyhánà, ohun tí rédíò ń wí kọ́ lẹ sọ fún Màmúdù o." Mo ní màá sọ fún un lọ́la. Àwọn aládùúgbò ní kó máa lọ, ó dárúkọ mi dá wọn lóhùn pé, "Àbdùlsàmàd ti kà á fún mi." Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìyá rẹ̀ kú.

Ẹ dúró, èyí tó burú jù kù. Nígbà tí mo lọ kí i, ó di ọwọ́ mi mú. "Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ lo jàre. Ìjáde tí mo ń yìn ló dínà ìyá mi mọ́ mi. Mi ò tún ní bá ẹ jiyàn mọ́." Mo ya ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ." Mo gba ìṣẹ́gun lórí òkú ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ àlùmọ́gàjí mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Abidjan, ẹ máa jiyàn bóyá kí orílẹ̀-èdè dúró tàbí kó jáde. Ní tèmi, kó dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ojú yín kàwé, ojú rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín.

Lónìí, mo fi ṣíbí kan ìdérí ìkòkò lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, torí bí mo bá kọ lẹ́tà, ta ni yóò kà á fún un:

"Màmúdù, èmi Anàgó ẹ ni. Káàdì ẹ dára lọ́jọ́ yẹn. Mo ti kà á, mo sì purọ́ fún ẹ, torí mi ò fẹ́ kó o lọ. Málì kọ́ ló dínà ìyá ẹ mọ́ ẹ, èmi ni. Iyàn wa kò tíì parí. Má gbà fún mi. Dárí jì mí bó o bá lè ṣe é. Bí ọ̀rọ̀ ò bá wá, kan àlùmọ́gàjí ẹ lẹ́ẹ̀kan péré, kí n gbọ́."