Ibi Tí Wọ́n ti Ń Tu Ìyẹ́ Ara Wọn

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun àtẹ́wọ́.

Gbogbo yín mọ̀ mí. Èmi Jákọ́bù ni alábòójútó oko adìyẹ tó wà ní òdìkejì odò. Ẹ sì mọ Dọ̀káàsì, ìyá Ṣadé, tó máa ń dá orin fún wa kí ó tó kú. Lọ́dọ̀ mi ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń pa adìyẹ, òun ló ń tu ìyẹ́ wọn.

Nígbà tí àwọn adìyẹ wa bẹ̀rẹ̀ sí í kú, tí ogbe orí wọn dúdú bí èédú, dókítà ẹranko wá wò wọ́n. Ó fà mí sẹ́yìn ilé. Ó ní, “Jákọ́bù, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ lásán kàn wọ́n mọ́. Àrùn yìí máa ń ti ara adìyẹ ran ènìyàn, ó sì ń pani. Lọ́la, màá kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá, a ó pa gbogbo wọn, a ó sì sin wọ́n.”

Bí ó ti lọ tán, mo pe àwọn òṣìṣẹ́ mi. Mo ní, “Lùkúlùkú lásán ni, àrùn adìyẹ tí kì í ran ènìyàn. Ẹ yára pa àwọn tó kù, kí a tà wọ́n kó tó di ọ̀la.”

Dọ̀káàsì wo adìyẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá Jákọ́bù, ṣé kò séwu?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ewu wo? Ṣebí adìyẹ ni.”

Wọ́n pa wọ́n, mo sì tà wọ́n. Kò pẹ́ tí ikọ́ fi mú Dọ̀káàsì, tí àyà sì há a. Ọkọ rẹ̀ kò sí nílé, èmi ni mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà bi mí pé, “Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?” Mo ní ó ń ta aṣọ. Dọ̀káàsì kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbọ́. Ó yí ojú sí mi. Wọ́n ń tọ́jú ibà fún un títí ó fi kú. Èmi yìí kan náà ni mo gbàdúrà létí ibojì rẹ̀, tí gbogbo yín ń ṣe àmín.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, lẹ́yìn àdúrà ààwẹ̀ ọ̀sán, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní nínú ilé Ọlọ́run yìí. Oorun gbé mi. Ẹnìkan aláṣọ funfun fọwọ́ kan èjìká mi. Ó ní, “Dìde, wá wo iṣẹ́ rẹ.”

A dé ilé gígùn kan tó dà bí ilé adìyẹ, ṣùgbọ́n n kò rí ìparí rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n so àwọn panṣágà mọ́ra wọn ní ẹ̀yìn kọ ẹ̀yìn, wọ́n ń jóná, wọ́n sì ń ṣépè fún ara wọn. Olùtọ́nà mi kò dúró. Ó ní, “Ìwọ́nyí kọ́ ni mo mú ọ wá wò.”

Inú lọ́hùn-ún ni mo ti rí wọn, àwọn ọ̀gá àti àwọn alábòójútó, ìhòòhò ni wọ́n wà, ìyẹ́ ń hù jáde lára wọn, ó ń hù láti inú egungun, wọ́n ń fọwọ́ ara wọn tu ú, ẹran ń bá a jáde, ẹ̀jẹ̀ ń dà, bí wọ́n bá tu ú tán a ó rì wọ́n sínú omi híhó, bí a bá fà wọ́n jáde ìyẹ́ tún ti hù, wọ́n fẹ́ ké ṣùgbọ́n omi kún àyà wọn, wọn kò rí èémí tí wọn yóò fi ké!

Mo ní, “Olúwa mi, kí ni wọ́n ṣe?”

Ó ní, “Wọ́n mọ ikú, wọ́n sì ní kí ẹlòmíràn fọwọ́ mú un.”

Ọ̀kan nínú wọn gbójú sókè. Bàbá Sólómọ́nì ni, tó kọ́ mi níṣẹ́, tí mo jogún ipò rẹ̀. Ó ní, “Jákọ́bù, o ti dé?”

Mo ní, “Rárá, Bàbá. Ìran lásán ni mo ń rí.”

Ó ní, “Bí èmi náà ṣe rò nìyẹn.” Wọ́n sì rì í sómi.

Mo sá. Mo ṣubú. Nígbà tí mo gbójú sókè, koríko tútù ni mo wà lórí rẹ̀, atẹ́gùn rere ń fẹ́, mo sì gbọ́ ohùn Dọ̀káàsì. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń kọrin, èémí rẹ̀ gùn, kò húkọ́ rárá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, “Dọ̀káàsì, dárí jì mí!”

Ó wò mí tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní, “Ta nìyí?”

Olùtọ́nà mi ní, “Kò mọ̀ ọ́. Gbogbo ohun tó dùn ún láyé ni a ti nù kúrò lọ́kàn rẹ̀, ìwọ sì wà nínú wọn. Kò lè dárí ohun tí kò rántí jì ọ́ níbí. Rẹ̀bẹ́kà ń húkọ́. Padà.”

Mo jí, òógùn bò mí. Rẹ̀bẹ́kà ni ẹnìkejì Dọ̀káàsì níbi iṣẹ́. Mo sáré dé ilé rẹ̀, mo bá a lórí ibùsùn, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń mí gúlegúle. Mo gbé e lọ, mo sì sọ òtítọ́ fún dókítà. Ó ṣì wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó ti ń jẹun.

Lánàá, mo lọ bá ọkọ Dọ̀káàsì. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní, “Nígbà tó bi ọ́ bóyá ewu wà, ṣé o ti mọ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹ ò rí i nínú ìjọ lónìí.

Ẹ̀yin tó ń sin adìyẹ, bí wọ́n bá ń kú nílé yín, ẹ wí. Ẹ má dúró de ọ̀la. Ẹ wí nígbà tí ẹni tó gbé adìyẹ náà lọ́wọ́ ṣì lè gbé e sílẹ̀.